Ìṣirò Láti Inú Ilé Wá: Bí Òbí Ti Lè Fi Iye Han Ọmọ Kékeré

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí ni ó gbàgbọ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ni ìṣirò í ṣe, àti pé kò kan ìyá tí ń dáná tàbí bàbá tí ń kọ ebè. Wọn a máa wí pé, "Nígbà tí ọmọ bá wọ ilé ẹ̀kọ́, yóò mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tán. Ọmọ tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ láì tíì mọ ohun tí ẹ̀ta í ṣe yóò bá ẹ̀kọ́ tí ó ti ṣíwájú rẹ̀ lọ. Bí olùkọ́ bá sì ní ọmọ ogójì tàbí àádọ́ta níwájú, kò lè dúró de ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò máa rẹ̀yìn, títí yóò fi gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní orí ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ pé. Ìpìlẹ̀ ni kò ní.

Àdánù yìí kì í sì í parí sí inú ìwé. Ẹni tí kò mọ ìṣirò ni oníwọ̀n ń rẹ́ jẹ nígbà tí ó bá gbé kòkó rẹ̀ lé orí ìwọ̀n. Òun ni ó ń yá owó láì mọ iye èlé tí yóò san. Òun ni ó ń gba ìgò oògùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tí ó bá dé ilé tán tí kò mọ̀ bóyá ṣíbí kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni a ní kí ọmọ mu, tàbí ṣíbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ohun tí ó dára nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìpìlẹ̀ ìṣirò kò ń béèrè owó, bẹ́ẹ̀ ni kò ń béèrè ìwé. Ohun tí a fi ń kọ́ ọ wà nínú ilé ìdáná, ní ẹnu ọ̀nà, lọ́jà àti lóko, ó sì ṣeé ṣe fún ìyá àgbà tí kò mọ a yàtọ̀ sí b.

KÍKÀ LÓRÍ AHỌ́N YÀTỌ̀ SÍ MÍMỌ IYE

Inú òbí a máa dùn nígbà tí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta bá dúró láàrin àlejò, tí ó sì ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá láì ṣìṣe. Ó yẹ kí inú wọn dùn, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó ekùrọ́ mẹ́wàá sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó sì wí pé, "Mú mẹ́rin wá fún mi." Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó lè ka ẹ̀wá lórí ahọ́n ni yóò kàn bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tí yóò sì gbé e fún ìyá rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya òmùgọ̀. Bí orin ni ení, èjì, ẹ̀ta ṣì rí létí rẹ̀. Kò tíì di iye.

Àwọn tí wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí ọmọdé rí i pé ọmọ a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀kan í ṣe. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan a mọ èjì. Lẹ́yìn náà a mọ ẹ̀ta. Nígbà tí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni ojú rẹ̀ ń là, tí yóò sì mọ̀ pé kíkà ni a fi ń mọ iye ohun gbogbo. Ìrìn-àjò yìí lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó ń rí ẹni bá a ka nǹkan nínú ilé kì í pẹ́ lọ́nà bí ẹni tí kò rí.

Ní ọdún 1978, àwọn amòye méjì ní Amẹ́ríkà, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ọmọdé ti ń lóye iye. Wọ́n fi hàn pé ohun márùn-ún ni ó pàdé nínú kíkà, àti pé nígbà tí ọmọ bá mú márààrún pọ̀ ni a tó lè wí pé ó mọ̀ ọ́n kà.

Èkínní ni pé orúkọ kan ni ó tọ́ sí ohun kan. Ọmọ kékeré a máa fo òkúta kan, a sì máa ka òmíràn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ó máa sún èyí tí ó ti kà sí apá kejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà.

Èkejì ni pé orúkọ iye kì í yí ipò padà: ẹ̀ta kò lè ṣíwájú èjì lónìí, kí ó tẹ̀lé e lọ́la.

Ẹ̀kẹta ni pé orúkọ tí a dárí ni iye gbogbo wọn. Èyí ni ó ṣòro jù. Ọmọ lè ka ọsàn márùn-ún tán, kí a bi í pé, "Mélòó ni?" kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ení, nítorí kò mọ̀ pé òun ti fi ẹnu ara òun dáhùn. Bí ọmọ bá ti kà á tán, kí àgbà fi ọwọ́ yí gbogbo ọsàn náà ká, kí ó sì wí pé, "Ọsàn márùn-ún ni gbogbo rẹ̀."

Ẹ̀kẹrin ni pé ohun gbogbo ni a lè kà: kì í ṣe òkúta nìkan, ṣùgbọ́n ìró aago, àtẹ́wọ́, ìṣísẹ̀ láti ilé dé ibi odò, àti ọjọ́ tí ó kù kí ọdún dé.

Ẹ̀karùn-ún ni pé kò sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ tí iye kò ní jẹ́ ọ̀kan náà. Ìbáà ṣe láti apá ọ̀tún, ìbáà ṣe láti apá òsì, ọsàn márùn-ún ni ọsàn márùn-ún. Kí a jẹ́ kí ọmọ dán an wò fúnra rẹ̀. Ẹnu a máa yà á.

ỌGBỌ́N TÍ Ó WÀ NÍNÚ OǸKÀ YORÙBÁ

Kò sí òbí Yorùbá tí ó yẹ kí ojú tì láti ka iye ní èdè rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, nítorí àwọn baba ńlá fi ìṣirò pamọ́ sínú orúkọ iye. Láti ọ̀kànlá dé ẹ̀rìnlá, a fi lé ẹ̀wá. Láti ẹ̀ẹ́dógún dé ọ̀kàndínlógún, a yọ kúrò nínú ogún. Ọmọ tí ó bá ń pe orúkọ wọ̀nyí ń ṣe àròpọ̀ àti àyọkúrò láì mọ̀.

Adolphus Mann, ìránṣẹ́ Ìjọ C.M.S. tí ó ti gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé lórí oǹkà yìí ní ọdún 1887, ó sì tọ́ka sí kíka owó ẹyọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tí ń ka owó a jókòó sílẹ̀, a máa fa owó ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi di ogún. Ogún márùn-ún a di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì a sì di igba. Ogójì owó ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá (2,000). Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan (20,000). Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà, náírà sì gba ipò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ṣùgbọ́n ogún, igba àti ẹgbẹ̀rún kò kúrò níbẹ̀: wọ́n wà lára owó bébà títí di òní.

Báyìí ni a ti lè fi oǹkà náà han ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kí a to òkúta ogún sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ mú mẹ́rin kúrò, kí a sì bi í pé, "Mélòó ni ó dín nínú ogún?" Yóò wí pé, "Mẹ́rin." Nígbà náà ni kí a sọ fún un pé, "Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní ẹ̀rìndínlógún." Bí a bá to ogún ní ọ̀nà méjì, ogójì ni, ọ̀nà mẹ́ta, ọgọ́ta ni, bí a bá mú ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́ta, àádọ́ta ni ó kù.

Nígbà tí ọmọ bá dé ilé ẹ̀kọ́, yóò bá oǹkà Gẹ̀ẹ́sì pàdé, níbi tí a kò ti ń yọ 16 kúrò nínú ogún, ṣùgbọ́n tí a fi ẹ̀fà lé ẹ̀wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni èyí ń dà lójú rú. Oògùn rẹ̀ wà nínú òkúta kan náà. Kí ọmọ kó òkúta mẹ́rìndínlógún yẹn, kí ó pín in sí ẹ̀wá àti ẹ̀fà. Yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀nà méjì ni ó wọ ọjà kan: ogún tí ó dín ní mẹ́rin, àti ẹ̀wá tí ó lé ní mẹ́fà. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà méjèèjì mọ iye náà ju ẹni tí ó mọ ẹyọ kan lọ.

Kí àgbà sì máa lo gbogbo ẹ̀yà orúkọ iye létí ọmọ. Ẹ̀ta ni a fi ń kà. Mẹ́ta ni a fi ń sọ iye ohun. Ẹ̀kẹta ni a fi ń sọ ipò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a fi ń sọ ìgbà. Mẹ́ta-mẹ́ta ni a fi ń pín. Ọmọ tí ó ti ń gbọ́ "lẹ́ẹ̀mẹ́ta" àti "mẹ́ta-mẹ́ta" láti kékeré kì yóò ṣi ṣíbí oògùn mú nígbà tí ó bá dàgbà.

NÍNÚ ILÉ ÀTI LỌ́JÀ

Ìgbà oúnjẹ ni ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára jù. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọ̀pọ̀ àgbà ni kò sì fẹ́ kí a máa na ìka sí ènìyàn ní ení, èjì. Kò sí ìjà níbẹ̀. Kí ìyá ní kí ọmọ gbé àwo wá, kí ó máa wí pé, "Ti bàbá nìyí, ti ẹ̀gbọ́n nìyí, ti ìyá àgbà nìyí," títí yóò fi kan olúkúlùkù. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ka àwo. Bí ó bá ṣẹ́ kù kan, kí a bi ọmọ pé ta ni kò tíì dé. Bí àwo kò bá kárí, kí a bi í pé mélòó ni yóò tún lọ gbé wá. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni àyọkúrò tí olùkọ́ yóò fi ẹfun kọ sára pátákó ní ọdún tí ń bọ̀.

Nígbà tí a bá ń wọn gààrí, kí a fún ọmọ ní agolo mílíìkì òfìfo, kí ó sọ tẹ́lẹ̀ pé agolo mélòó ni yóò kún kóńgò, kí ó tó wọ̀n ọ́n wò. Nígbà tí a bá ń ká aṣọ, kí ó to ti ńlá sí apá kan, ti kékeré sí apá kejì. Kí ó fi bàtà ọ̀tún wá ti òsì. Bí ìyá bá ró aṣọ òfì, kí ó fi ìlà rẹ̀ han ọmọ: funfun, aró, funfun, aró, kí ni ó kàn? Yíyà ohun sọ́tọ̀, fífi ohun wé ara wọn, àti mímọ ohun tí ó kàn, ìṣirò ni gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì pe iye kankan.

Lọ́jà, kí ìyá jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ìnájà. Bí oníyọ̀ọ́tà tòmátì bá to márùn-ún sílẹ̀, tí ó sì fi ẹyọ kan ṣe èènì, kí ọmọ sọ iye tí ó wọ inú agbọ̀n. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó tún lè fi àròpọ̀ yé ọmọ Yorùbá ju èènì lọ, nítorí inú rẹ̀ ń dùn sí i.

Òbí ní láti mọ ohun kan kí ó má baà bínú lásán. Kí a to ọsàn mẹ́fà ní ẹsẹ̀ kan, kí a sì to mẹ́fà mìíràn sí abẹ́ rẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin yóò gbà pé wọ́n dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí a bá fa ẹsẹ̀ kan gùn síta níṣojú rẹ̀, yóò wí pé ìyẹn ni ó pọ̀ jù. Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, àti Alina Szeminska kọ ìwé lórí irú ìdánwò báyìí ní ọdún 1941. Gígùn ni ọmọ náà ń wò, kì í ṣe iye. Kí a má ṣe nà án, kí a má sì ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a kàn jẹ́ kí ó kà wọ́n, kí ó sún wọn padà, kí ó tún kà. Ó wọ́pọ̀ pé kí ó tó pé ọdún méje, yóò fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ohun tí ó sọ.

AYÒ ÀTI ERÉ ALÁPÓTÍ

Ọpọ́n ayò ní ojú méjìlá, mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin ni ó wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ọmọ ọdún márùn-ún lè máà tíì lè ta á bí àgbà, ṣùgbọ́n ó lè to mẹ́rin-mẹ́rin sínú ojú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń pín ọmọ ayò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n ká, ohun tí a pè ní èkínní lókè ni ó ń ṣe: ọ̀kan fún ọ̀kan. Nígbà tí ó bá sì ń wò bóyá èyí tí ó kángun yóò sọ ojú ọ̀tá di méjì tàbí mẹ́ta kí ó lè jẹ, ó ti ń fi ọkàn ṣírò ṣáájú ọwọ́.

Eré mìíràn wà tí a ti dán wò dájúdájú. Ní ọdún 2008, Geetha Ramani àti Robert Siegler ní Amẹ́ríkà ròyìn ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́, tí òbí wọn kò ní lọ́wọ́. Wọ́n fún wọn ní pátákó tí a pín sí àpótí mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé ara wọn, tí a kọ 1 dé 10 sí. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n ta á. Òye iye àwọn ọmọ náà pọ̀ sí i, ó sì ṣì wà lára wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Àwọn tí ó ta irú eré kan náà lórí pátákó aláwọ̀ tí kò ní iye kò rí èrè bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè fi igi ya àpótí mẹ́wàá sórí ilẹ̀ ní àgbàlá, kí ó sì kọ 1 dé 10 sínú wọn. Kí a kọ 1 sára bébà kan, 2 sára èkejì, kí a ká wọn, kí ọmọ mú ọ̀kan láì wò. Ìyẹn ni iye tí yóò sún òkúta rẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n àṣírí eré náà nìyí: bí ọmọ bá wà lórí 4, tí ó sì mú 2, kí ó má ṣe wí pé "ení, èjì" bí ó ti ń sún un. Kí ó pe iye tí ó wà nínú àpótí: "àrún, ẹ̀fà." Bẹ́ẹ̀ ni ojú, ọwọ́ àti ẹnu yóò fi jọ mọ̀ pé bí iye ti ń pọ̀ ni ọ̀nà ń jìn.

LÓKO, LÁTI ÌGBÀ DÉ ÌGBÀ

Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tẹ̀lé ẹni tí ń gbin àgbàdo, kí ó máa ju hóró mẹ́ta sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ihò márùn-ún, kí a bi í pé hóró mélòó ni ó ti gbìn. Kò pọn dandan kí ó mọ ìsọdipúpọ̀. Yóò kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìyẹn sì ni ìsọdipúpọ̀.

Nígbà tí iṣu titun bá jáde, kí ó to iṣu láti orí èyí tí ó kéré jù dé orí èyí tí ó tóbi jù, kí ó sì fi ìṣísẹ̀ wọn gígùn poro. Ní àkókò kòkó, láti oṣù kẹwàá dé ìkejìlá, kí ó máa kó pódi jọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ó sì ka òkìtì. Nígbà ọyẹ́, nígbà tí iṣẹ́ oko bá dínkù, ni kí a gbé ọpọ́n ayò jáde.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ó bá gbogbo ìgbà mu, tí ọmọ kì í sì í gbàgbé. Nígbà tí adìẹ bá sàba lé ẹyin, kí ọmọ máa fi èédú fa ìlà kan sára ògiri ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Kí ó máa dì wọ́n ní márùn-ún márùn-ún kí kíkà lè rọrùn. Nígbà tí ìlà bá pé bí mọ́kànlélógún (21), òròmọdìẹ yóò jáde. Lójoojúmọ́ ni kí a bi í pé, "Ọjọ́ mélòó ni ó ti kọjá? Mélòó ni ó kù?" Ọmọ tí ó ti dúró de òròmọdìẹ báyìí ti mọ ohun tí ogún ọjọ́ í ṣe nínú ara rẹ̀, kì í ṣe lórí ahọ́n nìkan.

A ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì nítorí pé ọ̀nà méjì ni à ń gbà ka ọjọ́. Yorùbá a máa ka òní mọ́ ọn: ọjà ọrún-ún ni à ń pe èyí tí a ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, nítorí a ka ọjọ́ ọjà tí ó kọjá pọ̀ mọ́ èyí tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a fi ń wí pé ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ kẹta láti ọjọ́ Ẹtì. Ilé ẹ̀kọ́ kì í ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a kò là yé yóò máa fi ọ̀kan ṣìṣe, olùkọ́ yóò sì rò pé kò mọ̀ ọ́n kà, nígbà tí ó jẹ́ pé oǹkà baba rẹ̀ ni ó ń kà.

OHUN TÍ ÒBÍ GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Kí a má ṣe fi ekùrọ́, ọmọ ayò, ẹ̀wà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó lè há a ní ọ̀fun, ó sì lè kì í bọ imú tàbí etí. Ọsàn, ṣíbí àti ṣúkù àgbàdo ni ó yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí àgbà sì wà nítòsí àwọn tí ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ pẹ̀lú.

Kí a má ṣe fi èso pupa olójú dúdú tí à ń pè ní ojú ológbò ṣe ohun kíkà. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n májèlé ni; bí ọmọ bá rún un lẹ́nu, ó lè pa á. Bẹ́ẹ̀ ni agolo tàbí ìgò tí a ti fi gbé oògùn kòkòrò rí kò gbọdọ̀ di ohun ìwọ̀n fún ọmọ, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá.

Kí a má ṣe fi ìdí pàṣán kọ́ ọmọ ní iye. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í ronú. Bí yóò ti yè é ni ó ń wá. Bí ó bá ṣìṣe, kí a wí pé, "Jẹ́ kí á jọ tún un kà." Kí a má sì ṣe lé e kúrò lórí ìka ọwọ́ rẹ̀. Ìka mẹ́wàá ni ohun ìṣirò àkọ́kọ́ tí a dá mọ́ ènìyàn. Nígbà tí ọkàn bá tó tán, ọwọ́ yóò sinmi fúnra rẹ̀.

Kí ẹ̀kọ́ má pẹ́ jù. Ìwọ̀n ìgbà tí omi ẹ̀bà fi ń hó tó. Bí ọmọ bá ti ń wo ibòmíràn, kí a dáwọ́ dúró, kí ó lè fẹ́ padà wá lọ́la. Kí a sì kọ́ ọmọbìnrin bí a ti ń kọ́ ọmọkùnrin, nítorí lọ́jà àti lóko, kò sí èyí tí owó kò ní kọjá lọ́wọ́ rẹ̀.

ÈDÈ ILÉ KÌ Í ṢE ÌDÍWỌ́

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá kọ́ iye ní èdè Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì yóò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdánwò kan ti dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè lọ́tọ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn; àní wọ́n tayọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, wọn kò sì sọ Gẹ̀ẹ́sì nù. Ohun tí ó bá yé ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀ ti yé e. Orúkọ mìíràn ni èdè kejì yóò kàn fi lé e.

Nítorí náà, kí òbí tí ó bá ka ojú ìwé yìí má ṣe dúró de ọjọ́ tí yóò ra ìwé tàbí pátákó. Lálẹ́ òní, kí ó pe ọmọ rẹ̀, kí ó ní kí ó gbé àwo wá fún olúkúlùkù. Ní ọ̀la, kí wọ́n jọ ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ọmọ wo iye orin tí a kọ sára pátákó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì bá àgbà ṣí i nínú ìwé orin. Ohun kékeré ni wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ení tere, èjì tere ni ọjà fi ń kún. Ọmọ tí a bá sì ti bá kà báyìí yóò lè dúró níwájú ìwọ̀n lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ yóò wà lára iye, oníwọ̀n yóò sì mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.